Ìwé pẹlẹbẹ àlàyé ewì tí wọ́n ń tà ní Àkúrẹ́: àwítúnwí rẹ̀ dára, ohùn ló sọnù

Ìwé pẹlẹbẹ kan wà lórí àtẹ àwọn tó ń tàwé lágbègbè Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ tí àwọn ọmọ SS2 àti SS3 tó ń múra fún WAEC àti NECO ń rà wìtìwìtì. Ojú ìwé 48 ni. Ewì àpilẹ̀kọ 6 ló wà nínú rẹ̀, àlàyé sì tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦1,500 ni wọ́n ń ta ojúlówó. Ní ìlú Oǹdó, ẹ̀dà fọ́tókọ́pì rẹ̀ ń lọ ní ₦800, àmọ́ ẹ má rà á: ẹ̀rọ ti pa ìlà tí wọ́n fà sábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ kan rẹ́, ìlà yẹn sì ni gbogbo àlàyé orí àwítúnwí dúró lé. A ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ àṣálẹ́ tó gbé ìwé náà jáde, torí àṣìṣe inú rẹ̀ kì í ṣe tiwọn nìkan. Ó wọ́pọ̀ nínú nóòtì tí wọ́n ń pín ní kíláàsì.

Ewì kejì, èyí tó dá lórí ọ̀wọ̀, la fẹ́ tú wò fínnífínní. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ jù lórí ìró ìparí ìlà, ìwọ̀n ìlà àti àwítúnwí, ibẹ̀ náà sì ni ohun tí wọ́n mọ̀ àti ohun tí wọn ò mọ̀ ti hàn jù. Ewì náà rèé. Wọn ò fi àmì kankan sí i nínú ìwé. Àwa la fi àmì sí i, tí a sì nọ́ńbà ìlà rẹ̀.

1. Ẹ bá mi bọ̀wọ̀ fágbà,
2. Ẹ bá mi bọ̀wọ̀ fọ́mọ;
3. Ọ̀wọ̀ lọmọ fi ń gòkè,
4. Ọ̀wọ̀ làgbà fi ń gbayì.
5. Ọmọ tó kúnlẹ̀ kí ìyá,
6. Ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá,
7. Òun nilé ń pè, òun lọjà ń kí.
8. Ẹ bọ̀wọ̀, ẹ bọ̀wọ̀ o:
9. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ,
10. Tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.
11. Ẹ bá mi bọ̀wọ̀ fágbà,
12. Ẹ bá mi bọ̀wọ̀ fọ́mọ.

Ewì tó mọ́yán lórí ni. Òwe tó wà ní ìlà 9 àti 10 kì í ṣe tuntun sí ẹnikẹ́ni, àmọ́ akéwì mọ ibi tó fi í sí.

Ibi tí owó yín kò ti ṣòfò ni orí àwítúnwí. Wọ́n pín in sí mẹ́ta: ti odidi gbólóhùn, ti apólà, ti ẹyọ ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú bírò mẹ́ta, pupa fún gbólóhùn, aró fún apólà, dúdú fún ẹyọ ọ̀rọ̀, kó sì fàlà sábẹ́ wọn kó tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́. Pupa á bọ́ sí ìlà 1 àti 2, á tún bọ́ sí 11 àti 12. Aró á bọ́ sí "Ẹ bá mi bọ̀wọ̀" àti "Ọmọ tó". Dúdú á bọ́ sí "bọ̀wọ̀" níbi 6 àti "ọ̀wọ̀" ní ìlà 3 àti 4. Ọmọ tó bá ti ṣe èyí kò ní kọ "àwítúnwí wà nínú ewì yìí" lásán kó sì fò lọ. Á lè dárúkọ irú rẹ̀ àti ìlà tó wà, èyí tí olùmáàkì ń wá.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Ìwé náà ní "owo" fara hàn ní ìgbà 9. A kà á: 6 àti 2, 8 ni. Ibo ni ọ̀kan yòókù ti wá? Láti ìlà 9 ni, "Ọwọ́ ọmọdé". Ọwọ́ tí a fi ń gbé nǹkan ni wọ́n kà mọ́ ọ̀wọ̀ tí à ń fún ènìyàn, torí pé lójú ìwé tí kò lámì, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí ọmọ bá kọ èyí síwájú olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, á gégi lé e. Ohun tó sì yẹ kí wọ́n sọ níbẹ̀ ló dùn jù: akéwì ti pe ọ̀wọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ méjì, títí tó fi mọ́ wa létí, ó wá já ọwọ́ lù wá, ohùn àárín àti ohùn òkè. Ìfọ̀rọ̀dárà ni, ó sì wà nínú ìdánwò. Ìwé náà fò ó pátápátá.

Ìjà kejì tí a bá orí yẹn jà ni pé gbogbo àwítúnwí tí wọ́n rí, "fún ìtẹnumọ́" ni ìdáhùn wọn. Ìtẹnumọ́ ní ìlà 1, ìtẹnumọ́ ní ìlà 8, ìtẹnumọ́ ní ìlà 12. Ìdáhùn tó bá gbogbo ìbéèrè mu kò dáhùn ọ̀kan. Ẹ wo ìlà 1 àti 2. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn nìkan ló yàtọ̀: fágbà, fọ́mọ. Ìlà kìíní sọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀, pé kí á bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ìlà kejì lo ọ̀rọ̀ kan náà, sílébù (ègé ọ̀rọ̀ tí à ń pè lẹ́ẹ̀kan) kan náà, títí dé ibi tó ti yí padà, ó ní kí á bọ̀wọ̀ fún ọmọ pẹ̀lú. Àwítúnwí ló mú kí etí máa retí "àgbà" lẹ́ẹ̀kejì kó tó gbọ́ "ọmọ". Nígbà tí ìlà méjèèjì bá tún padà wá ní 11 àti 12, òwe ti ṣáájú wọn: ọwọ́ ọmọdé kúrú, ti àgbà tóbi jù, kò sí èyí tó lè dá ṣe tirẹ̀. "Fọ́mọ" ti ìlà 12 ti ní ìdí lábẹ́, èyí tí ti ìlà 2 kò ní. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, iṣẹ́ tó ṣe yàtọ̀. Èyí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ.

Wọn ò sì sọ pé ìlà méjèèjì ń ṣe bí ègbè. Ọmọ Oǹdó tó bá ti gbọ́ orin òbítun rí kò nílò àlàyé gígùn lórí ìlà tí gbogbo agbo máa ń gbè.

Nǹkan kékeré kan tún wà tí ojú wọn kò tó. Ẹ ka "Ẹ" tí akéwì fi ń bá wa sọ̀rọ̀: ìlà 1, 2, 8 lẹ́ẹ̀mejì, 11, 12. Ìgbà 6 ni. Akéwì tó ń sọ pé kí á bọ̀wọ̀ ń bọ̀wọ̀ fún wa nínú gírámà tó lò. Ẹ yọ "Ẹ" kúrò, kí ẹ ní "Bá mi bọ̀wọ̀ fágbà": ìlà náà á di sílébù 6 dípò 7, á sì dà bí àṣẹ tí wọ́n ń pa fún ọmọ ọ̀dọ̀. Nínú ewì tó dá lórí ọ̀wọ̀, kò yẹ kí àlàyé kankan fo èyí.

Lórí ìlà 5 àti 6, wọ́n kọ ọ́ pé "ọmọbìnrin ni kó máa kí ìyá, ọmọkùnrin ni kó máa kí bàbá". Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin ń kúnlẹ̀ fún bàbá, ọmọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, kò sí ilé Yorùbá tí èyí ti ṣàjèjì. Gbólóhùn adọ́gba ni akéwì ń tò: ọmọ tó, ọmọ tó, kúnlẹ̀, dọ̀bálẹ̀, kí ìyá, kí bàbá. Ọ̀rọ̀ takọtabo ló fi kún àlàfo méjì tó bára mu, kò pín iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá kan ìró ìparí ìlà, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní ráìmù. Ibí yìí ni ìwé náà ti wó. Wọ́n fi lẹ́tà tò ó bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ewì Gẹ̀ẹ́sì: a b c d a a d b c c a b. Wọ́n ní ìlà 2 àti 8 bára mu, wọ́n ní 9 àti 10 bára mu, wọ́n sì fi ìyìn fún akéwì nítorí rẹ̀. Ẹ wo ìlà 9 àti 10 dáadáa. Pẹpẹ fi ẹ parí. Kèrègbè fi e parí. Fáwẹ́lì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Nínú ìwé wọn, "pepe" àti "keregbe" ni wọ́n tẹ̀, kò sí àmì ìsàlẹ̀, ojú wá tan etí. Bákan náà ni ìlà 2 tó fi ọ parí àti ìlà 8 tó fi o parí. Àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà tí wọn ò tẹ̀ ló bí "ráìmù" méjèèjì.

Kódà ibi tí ìró ti bára mu lóòótọ́, bí ìyá àti bàbá, ó yẹ kí wọ́n sọ ìdí tí kò fi tó nǹkan tí à ń kókìkí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Fáwẹ́lì àìránmúpè 7 la ní: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Ewì tí kò bá fi fáwẹ́lì àránmúpè (èyí tí à ń gba imú pè, bíi un) parí ìlà kankan, tó bá ti pé ìlà 8, méjì nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọra, akéwì ìbáà fẹ́ tàbí kó kọ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, fáwẹ́lì àti kọ́ńsónáǹtì tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ bára mu, ó ṣòroó rí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ka akéwì wọn sí ọlọ́gbọ́n bó bá rí i. Ohun tó pọ̀ nílẹ̀ kì í dá etí lọ́lá. Ohun tí etí Yorùbá ń tẹ̀ lé ni ohùn: ìlà kan lọ sókè, èkejì dá a lóhùn nísàlẹ̀.

Ẹ kọ ohùn òwe náà sílẹ̀, dò fún ìsàlẹ̀, re fún àárín, mí fún òkè. Ìlà 9: re mí re re mí dò mí re re. Ìlà 10: dò dò re dò dò re dò dò dò. Sílébù 9 ní ìhín, 9 ní ọ̀hún. Nínú ìlà 9, mí jẹ́ 3, dò jẹ́ ẹyọ kan. Nínú ìlà 10, dò jẹ́ 7, kò sí mí rárá. Ọwọ́ ọmọdé ń nà sókè síbi pẹpẹ, ohùn náà ń nà. Ọwọ́ àgbà ń wá ọ̀nà wọ inú kèrègbè, ohùn náà wà nísàlẹ̀. Ẹ ní kí onígángan lu ìlà méjèèjì láìpe ọ̀rọ̀ kankan. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dénú á dá òwe náà mọ̀, bẹ́ẹ̀ ìlù kò lè pe ẹ, kò lè pe e. Ohùn àti ìwọ̀n sílébù nìkan ló ní.

Ìlà 7 náà ní tirẹ̀. Òun nilé ń pè: dò re re mí mí dò. Òun lọjà ń kí: dò re re dò mí mí. Sílébù 6 sí 6. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ibi tí ilé ti fi mí, ọjà fi dò; ibi tí pè ti fi dò, kí fi mí. Wọ́n kọjú síra. A ò tíì rí ìwé ìdánwò tó tọ́ka sí irú èyí, ó sì dùn wá.

Lórí ìwọ̀n ìlà, ìwé náà ní sílébù 7-7 ni ìlà méje nínú méjìlá. Iye tó tọ́ rèé, láti ìlà 1 dé 12: 7, 7, 8, 8, 8, 9, 12, 7, 9, 9, 7, 7. Ìlà márùn-ún péré ló jẹ́ 7. Ìlà 3 àti 4 ni wọ́n kà ṣì, ìdí rẹ̀ sì wà nínú àkọtọ́ tí wọ́n lò. "Owo lomo fi ngoke" ni wọ́n tẹ̀. Wọ́n lẹ ń mọ́ gòkè gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń kọ ọ́ nígbà kan, wọ́n sì kà á pọ̀ mọ́ gò. Ní ìlà 7, "on" ni wọ́n kọ dípò òun, "npe" dípò ń pè, "nki" dípò ń kí. Bí 12 ṣe di 8 lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Láti 1974 ni àkọtọ́ òde òní ti tún èyí ṣe, kò sí àwáwí.

Wọ́n tún fi àmì ìtẹ̀mọ́ Gẹ̀ẹ́sì sórí ìlà 1, ọ̀kan fẹ́lẹ́, ọ̀kan wúwo, bí ẹni ń tú iambic pentameter. Sílébù 10 tí ìtẹ̀mọ́ ń fo ọ̀kan, tó ń bọ́ sórí èkejì, nìyẹn jẹ́, ó sì wà níbẹ̀ nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ sílébù kan ju èkejì lọ. Èdè tiwa kì í tẹ̀, ohùn ló ń gbé e. Ẹ fi gègé fa ojú ìwé 14 yẹn já.

Bí ẹ bá ti ra ìwé náà, báyìí lẹ ṣe lè lò ó. Ẹ fi àmì sí gbogbo ewì náà kí ẹ tó ka iye ohunkóhun, àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ, ṣ ni kó ṣáájú, kí àmì ohùn tẹ̀lé e. Ẹ lo pẹ́ńsù, ẹ ó nu nǹkan. Lẹ́yìn náà, ẹ wá gbogbo n àti m. Èyí tó bá ní ohùn tirẹ̀ ń dá dúró bíi sílébù kan: ń nínú "ń pè", ǹ nínú Oǹdó, tó fi jẹ́ pé o-ǹ-dó, sílébù 3 ni, bíi ti À-kú-rẹ́. Èyí tó bá fáwẹ́lì wọlé kì í dá dúró: "kún" nínú kúnlẹ̀, sílébù 1, "fún", sílébù 1. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pàdánù máàkì. Òun jẹ́ 2, ò àti un.

Ìpajẹ ló kù, ìyẹn kí fáwẹ́lì kan pa òmíràn jẹ níbi tí ọ̀rọ̀ méjì ti pàdé. Ẹ ka ewì bí akéwì ṣe kọ ọ́, kì í ṣe bó ṣe rí nínú gírámà. "Fún àgbà" jẹ́ 3, "fágbà" jẹ́ 2. Tí ẹ bá tú "fágbà" sí "fún àgbà", tí ẹ tú "làgbà" sí "ni àgbà", ìlà 1 á di 8, ìlà 4 á di 9, ìṣe akéwì á sì dàrú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má sì fi ẹ̀ka-èdè ilé kà á nígbà tí ẹ bá ń ṣírò. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá àjùmọ̀lò fi i bẹ̀rẹ̀, àwa níhìn-ín máa ń fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohùn rẹ̀ lè má yí, ìró fáwẹ́lì ń yí.

Ìgbà tí ẹ bá ti ní sílébù àti ohùn lọ́wọ́ ni kí ẹ tó wá ibi tí èémí ti ń sinmi. Ìlà 7 ní ìsinmi méjì, ìlà 8 náà ní méjì, àwọn yòókù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èémí yìí la lè pè ní ìwọ̀n ìlà nínú irú ewì báyìí: ìlà á gùn títí dé 12 ní àárín, ìlà kúkúrú méjì ni yóò ṣí i, méjì kan náà ni yóò tì í.

Nọ́ńbà WhatsApp kan wà lẹ́yìn ìwé. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n á fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ewì kọ̀ọ̀kan kò tó ìṣẹ́jú kan. Ká sọ òótọ́, èyí ló sàn jù nínú gbogbo ohun tí ₦1,500 rà. Ẹni tó kà á mọ ewì kà: ó fa "o" ìparí ìlà 8 gùn, ó dúró díẹ̀, kó tó já òwe náà sílẹ̀. Gbogbo ohun tí ìwé náà pàdánù lórí ohùn, ó wà nínú ohùn yẹn. Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ kan náà ló ṣe méjèèjì. Ẹ máa gbọ́ ọ bí ẹ ṣe ń fi àmì sí ìwé yín.

Ewì márùn-ún yòókù kò burú, àlàyé wọn kúrú, kò sí ráìmù tipátipá nínú wọn àyàfi ewì karùn-ún. Ìwé náà yẹ ọmọ tó ní olùkọ́ tí yóò tún un ṣe fún un. Fún ọmọ tó ń dá kàwé, kó gba ohùn orí WhatsApp náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, kó sì fi owó rẹ̀ ra ìwé atúmọ̀ tó lámì ohùn.

Ìdáhùn wà ní ojú ìwé 47. Lórí ewì ọ̀wọ̀, ìbéèrè 3 ní kí a mú iye sílébù ìlà 7. Wọ́n mú A, ìyẹn 8. D ni kí ẹ mú, 12. Ìbéèrè 5 bèèrè ohun tó so ìlà 9 mọ́ 10. Wọ́n mú "ráìmù". Kò sí ìdáhùn tó tọ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n tò síbẹ̀, ẹ fo ìbéèrè náà.